Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ ta ilé iṣẹ́ wa: ṣé ká rà á lórúkọ ara wa?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa oníṣẹ́ ọnà 14 la jọ háyà ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan: amọ̀kòkò, agbẹ́gilére, ayàwòrán, àwọn tó ń tẹ àwòrán, àti aláró. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti wà níbẹ̀. Nígbà tí a kó wọlé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba àdúgbò náà kọjá. Ní báyìí, ilé tuntun ti yí wa ká, lánlọ́ọ̀dù sì ti sọ pé òun fẹ́ tà. Àwọn kan nínú wa ní ká dáwó jọ, ká rà á lórúkọ àwa 14. Ẹnì kan ní àjọ atọ́jú-ilẹ̀ ni ká dá sílẹ̀, pé bí ilẹ̀ bá ti di ti ará àdúgbò, a ò ní san rẹ́ǹtì mọ́. Èwo ni ká gbà, kí la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹ kú àníyàn o. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ẹ̀rù méjì ni mo rí tí ẹ dì pọ̀ sínú ẹrù kan. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n má lé yín jáde lọ́dún yìí. Èkejì ni pé kí àyè náà má wọ́n kọjá agbára yín, àti agbára àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, títí ogún ọdún sí i. Oògùn kan náà kọ́ ló ń wo méjèèjì. Bí ẹ bá ra ilé, ẹ̀rù àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí èkejì tó lọ, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ wà: gbèsè orí ilé náà gbọ́dọ̀ kéré tó ohun tí rẹ́ǹtì oníṣẹ́ ọnà lè san, a sì gbọ́dọ̀ fi ìwé òfin de ilẹ̀ náà débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè gbé e padà sọ́jà, títí kan ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹ bá ra ilé tí ẹ kò sì ṣe méjèèjì yìí, lánlọ́ọ̀dù mìíràn lẹ kàn dà, ìran tó ń bọ̀ yóò sì bá yín lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà lánlọ́ọ̀dù yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ pé ẹ ò ní san rẹ́ǹtì mọ́, nítorí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀ kí ọdún kejì tó pé. Àjọ atọ́jú-ilẹ̀, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní community land trust, kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe ilẹ̀ ìjọba. Ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀ ni, tí kì í pín èrè, tó ra ilẹ̀ láti dì í mú títí láé. Ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó ń lò ó ni yóò ni ilé tó wà lórí rẹ̀, tàbí kó yá yàrá nínú rẹ̀, lábẹ́ ìwé háyà tó sábà máa ń jẹ́ ti ọdún 99. Òrùlé yóò ṣì máa jò, owó ìbánigbófò yóò ṣì máa pé, ẹnì kan yóò ṣì máa gba rẹ́ǹtì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ilé náà ń ná wa kí ó lè dúró la fi ń ṣírò rẹ́ǹtì, kì í ṣe ohun tí ẹni tó lówó jù ládùúgbò lè san.

Ní ti ríra á lórúkọ ẹ̀yin 14, mo mọ ìdí tó fi wù yín. Ó yára, kò gba ìpàdé púpọ̀, kò sì sí àjèjì tí yóò máa pàṣẹ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo iwájú díẹ̀. Ẹnì kan yóò kú, ìpín rẹ̀ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín amọ̀ àti ẹrẹ̀. Ìgbéyàwó ẹlòmíràn yóò tú ká, kóòtù yóò sì ka ìpín náà mọ́ ohun ìní tí wọ́n fẹ́ pín. Ẹlòmíràn yóò jẹ gbèsè tí kò kan ẹ̀yin yòókù, olówó yóò sì wá gbẹ́sẹ̀ lé ìpín tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹnì kan péré nínú àwọn tó jọ ni ilẹ̀ lè gba kóòtù lọ, kó ní òun fẹ́ yọ tòun. Bí ilé náà kò bá ṣeé là sí ọ̀nà méjì, adájọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó. Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe aburú. Iye ilẹ̀ yóò gòkè, ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ láìní owó ìfẹ̀yìntì yóò sì rí i pé ìpín òun tó òun jẹ dọjọ́ alẹ́. Bó bá tà á, ta ni yóò bá a wí?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní SoHo, ní New York, nìyẹn. Láti 1967 ni George Maciunas ti ń kó oníṣẹ́ ọnà jọ láti ra àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. 80 Wooster Street wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn tó rà nígbà náà rí ibi iṣẹ́ àti ibùgbé ní iye tí agbára wọn ká. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó de iye tí ẹni tó bá ń jáde lè ta ìpín tirẹ̀. Lónìí, oníṣẹ́ ọnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tó ẹni tí ń béèrè iye tí wọ́n ń ta àyè níbẹ̀. Ìran kan ló jàǹfààní, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé lánlọ́ọ̀dù yín burú ju lánlọ́ọ̀dù ẹlòmíràn lọ. Ibi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ ni oníṣẹ́ ọnà máa ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni owó rẹ̀ mọ. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tan iná, àwọn ènìyàn á máa wá wo iṣẹ́ wọn, àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í lórúkọ. Òógùn yín wà nínú iye tó gorí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀ ni òfin ń kó o fún. Ní London, ní 1968, Bridget Riley àti Peter Sedgley wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ SPACE sílẹ̀, tí wọ́n sì sọ àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo ní St Katharine Docks di yàrá iṣẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fi yá wọn, ìgbà díẹ̀ náà ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ibẹ̀ di ibi òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ ojú omi àwọn olówó. Àyè olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ìwé tó lágbára nídìí, òjìji òwúrọ̀ ni.

Yíya ilẹ̀ kúrò lára ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn dá sí èyí. Ní 1969, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Charles Sherrod, Slater King, Robert Swann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá New Communities sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí wọ́n ń lé irú wọn kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nítorí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ilẹ̀ tí wọ́n rà lé ní 5,000 éékà, òun la sì ń pè ní àjọ atọ́jú-ilẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó di 1984, ìlú Burlington ní Vermont gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún ilé gbígbé: ẹni tó bá ta ilé rẹ̀ yóò gba owó tó fi rà á padà, pẹ̀lú ìdá mẹ́rin kan péré nínú iye tó fi gòkè, ìdá mẹ́ta yòókù dúró sínú ilé náà kí ẹni tó kàn lè rà á. Ìṣirò kékeré yìí ló ṣe ohun tí ìwàásù kò lè ṣe.

Inú ìwé háyà ni gbogbo agbára àjọ náà wà, nítorí náà, ẹ kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye ọdún àti bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó ń pè ní oníṣẹ́ ọnà, kí ó má sì fi òkìkí wọ̀n ọ́n; iṣẹ́ ni kí ó fi wọ̀n ọ́n: pé ẹni náà ń lo yàrá náà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní tòótọ́, wákàtí báyìí lọ́sẹ̀, pé kò sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí. Ó gbọ́dọ̀ sọ bóyá ènìyàn lè fi yàrá rẹ̀ yá ẹlòmíràn, fún oṣù mélòó, àti pé kò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tí òun fúnra rẹ̀ ń san. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹni tó ń jáde yóò gbà. Èyí tí mo fara mọ́ jù fún ibi iṣẹ́ ni pé kí ó gba owó tó fi wọlé, ká fi ti ọ̀wọ́n gógó kún un, kí ó sì gba iye tó kù lára àtúnṣe tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí. Ká ní amọ̀kòkò kan fi 100 wọlé, ó sì fi 20 ṣe ihò èéfín sórí ààrò rẹ̀, ohun tó yẹ kó lo ọdún mẹ́wàá. Bó bá jáde lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 10 ló kù lára ihò èéfín náà, nítorí náà 110 ni yóò gbà pẹ̀lú owó ọ̀wọ́n gógó, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ ti wọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin. Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ó sì ṣe kókó: bí ẹ̀yin tí ẹ ni ilé bá kùnà láti san owó báǹkì, kí báǹkì sọ fún àjọ tó ni ilẹ̀ ní kíákíá, kí ó sì fún un ní ọjọ́ 60 tàbí 90 láti bá yín san án kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé ilé. Bí gbólóhùn yìí kò bá sí níbẹ̀, oṣù mẹ́ta tí owó kò wọlé dáadáa lè wó iṣẹ́ ogún ọdún.

Ohun mìíràn tó ń dáàbò bo ilẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà nìkan ṣe ìgbìmọ̀ àjọ. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí a pín àga ìgbìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àwọn tó ń lo ilẹ̀, ìdá kan fún ará àdúgbò tí kò ní yàrá níbẹ̀, ìdá kan fún àwọn tó mọ òfin, ìṣirò owó àti ilé kíkọ́, tí wọ́n ń dúró fún ire gbogbo ìlú. Ó máa ń dun àwọn oníṣẹ́ ọnà nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò wọ̀nyí ni ògiri yín. Kò sí ìpín fún wọn nínú owó tí ẹ bá ta ilé, nítorí náà wọn kò ní ìdí láti dìbò tà á; bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ohùn ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé lójúlé kejì wúwo ju ohùn oníṣẹ́ ọnà 14 lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìdásílẹ̀ pẹ̀lú pé títa ilẹ̀ gba ìbò ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé bí àjọ bá tú ká, àjọ mìíràn tí kì í pín èrè ni ilẹ̀ yóò lọ bá, kò ní pín sí ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù lọ wà ní Berlin, ní Jámánì. Rotaprint, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní àdúgbò Wedding, wọko gbèsè ní 1989, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì yá àyè nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìlú fẹ́ tà á, àwọn ayálégbé dá ExRotaprint sílẹ̀ ní 2007. Wọn kò ra ilẹ̀. Àjọ olówó ìfúnni méjì, Stiftung trias àti Stiftung Edith Maryon, ló ra ilẹ̀ náà. ExRotaprint gba ilé fún ọdún 99, ó sì ń san owó ilẹ̀ fún wọn. Àdéhùn yẹn kò jẹ́ kí ẹnì kankan lè fi ibẹ̀ ṣòwò ilẹ̀. Wọ́n tún pín àyè náà sí mẹ́ta: iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ọnà, àti ohun tó wúlò fún àdúgbò. Ọgbọ́n mìíràn tún wà nílẹ̀ Jámánì kan náà, ti Mietshäuser Syndikat tó bẹ̀rẹ̀ ní Freiburg. Ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ́ńpìnnì kékeré tó ní alájọni méjì péré, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti Syndikat. Nínú gbogbo nǹkan ojoojúmọ́, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń pàṣẹ. Bó bá di ti títa ilé, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní, ẹnì kan sì lè dá èkejì dúró. Mo fẹ́ràn ètò yìí nítorí pé kò gba òfin àkànṣe. Ibi tí òfin kọ́ńpìnnì bá wà, a lè wá ọ̀nà gbé irú rẹ̀ kalẹ̀.

Ó wá ku owó, ibẹ̀ sì ni ẹ gbọ́dọ̀ jókòó sí pẹ́ jù. Ẹ pe iye tí wọ́n fẹ́ ta ilé náà, pẹ̀lú àtúnṣe tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ àti owó lọ́yà, ní 100. Ká ní rẹ́ǹtì tí ẹ̀yin 14 ń san lọ́dún jẹ́ 9. Ìbánigbófò, owó orí ilẹ̀, àtúnṣe kéékèèké àti ẹni tí yóò máa bójú tó o yóò jẹ 3. Ẹ yọ 0.45 fún yàrá tó bá ṣófo, nítorí yàrá yóò ṣófo. Ẹ yọ 0.9 sápamọ́ fún òrùlé ọjọ́ iwájú. Ó ku 4.65. Ṣùgbọ́n báǹkì kò ní jẹ́ kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ san gbèsè. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí owó tó kù fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ohun tí ẹ ń san lọ́dún lọ, nítorí náà 3.72 ni ẹ lè san. Ní èlé ìdá 8 nínú 100, fún ogún ọdún, ẹ̀yáwó tí èyí lè gbé kò ju nǹkan bí 36 lọ. Bí èlé bá jẹ́ 5, ó lè tó 46. Bó bá jẹ́ 12, ó rọ̀ sí 28. Ẹ̀yin 14 lè dá 10. Àlàfo 54 ló wà nílẹ̀ yẹn ní èlé 8, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà fi ń kúrò lọ́dọ̀ báǹkì pẹ̀lú omijé. Ẹ wá wò ó bí ilẹ̀ bá ti yà kúrò lára ilé. Ká ní iye ilẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100 yẹn, àjọ kan rà á, ó sì ń gba ìdá 2 nínú 100 lórí rẹ̀ lọ́dún, ìyẹn 0.8. Ẹ̀yáwó tí owó yín lè gbé yóò rọ̀ sí 30, àmọ́ 60 péré lẹ ń wá. Pẹ̀lú 10 tiyín, àlàfo di 20. Ogún jẹ́ ohun tí a lè wá kiri: owó ìrànwọ́, ẹ̀bùn, tàbí ìpín tí ará àdúgbò rà, níbi tí ẹni tó ra ìpín mẹ́wàá àti ẹni tó ra ẹyọ kan ti ní ìbò kan ṣoṣo. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi rẹ́ǹtì tí ẹ kò tíì máa san dí àlàfo yẹn. Bí ìṣirò yín bá dúró nítorí pé ẹ gbé rẹ́ǹtì sókè sí 13, ẹ ti lé mẹ́rin nínú ara yín jáde kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Kí ẹ tó gba iye kankan, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ san owó fún ẹnjiníà tó mọ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lè rí púpọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ gun àjà lọ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo àárín òrùlé. Ibi tí orí pákó ti wọnú ògiri ni kí ẹ wò, torí ibẹ̀ ni omi ń fara pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n tó rí roboto lórí pákó, ẹ fi ẹnu sikurudíráfà tẹ̀ ẹ́. Pákó tó yè yóò kọ̀ ọ́. Èyí tó ti jẹrà yóò gbà á wọlé bí ọṣẹ tó rọ̀. Pákó mẹ́ta tó rọ̀ báyìí lè sọ iye tí ẹ rò di ìlọ́po. Lẹ́yìn òrùlé, iná. Ààrò oníná tó tóbi díẹ̀ lè fa ampere 40 sí 60 ní òun nìkan. Bí méjì bá ń sun pọ̀, tí ẹ̀rọ agbẹ́gilére sì ń ṣiṣẹ́, iná fésì kan kò ní lè gbé e. Ẹ béèrè iye owó àti iye oṣù tí fésì mẹ́ta yóò gbà lọ́wọ́ àwọn oníná. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì sábà máa ń gbé nǹkan bí 250 kìlógíráàmù lórí mítà kan níbùú lóròó, ti ibi iṣẹ́ kékeré yẹ kó tó 500, òkúta mábù tó jẹ́ mítà kan níhà gbogbo sì wọn nǹkan bí 2,700. Agbẹ́gilére yín gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ilé. Yàrá àwọn tó ń tẹ àwòrán gbọ́dọ̀ ní ògiri kan tó kan ìta gbangba, kí èéfín oògùn wọn lè jáde láìgba inú yàrá ẹlòmíràn. Bí iléeṣẹ́ mìíràn bá ti lo ibẹ̀ rí, pàápàá ìtẹ̀wé, aró tàbí fífín irin, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ erùpẹ̀ wò kí ẹ tó rà á, nítorí ní ibi púpọ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí ni òfin lè ní kí ó fọ májèlé àná.

Ilẹ̀ tí a dì mú báyìí ṣì lè bọ́. New Communities gan-an pàdánù gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní 1985: ọ̀dá dá, ọ́fíìsì ìjọba kò yá wọn lówó bó ṣe yẹ, gbèsè sì borí. Ní 2009, wọ́n jàre pé ẹ̀tanú ló wà nídìí bí wọ́n ṣe lo àwọn, wọ́n gba owó ìtánràn, wọ́n sì tún ra ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àkọ́kọ́ ti lọ. Ìwé tó de ilẹ̀ kò dá báǹkì dúró. Gbèsè kékeré àti owó ìpamọ́ ló ń dá a dúró. Ohun mìíràn tó máa ń bà á jẹ́ kò hàn sójú: ìgbìmọ̀ tí àánú ń ṣe débi pé rẹ́ǹtì kò kúrò lójú kan fún ọdún mẹ́jọ, títí òrùlé fi ṣí, yàrá tí ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń tì pa nígbà tí 40 ènìyàn ń dúró, ẹni kan ṣoṣo tó mọ gbogbo ìwé, tó sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí rẹ́ǹtì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bí iye nǹkan ṣe ń gòkè. Ẹ san owó fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé láti oṣù kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dá àjọ atọ́jú-ilẹ̀ tuntun sílẹ̀ nítorí ilé kan. Ó máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ tó lè dúró, owó ìṣàkóso rẹ̀ sì wúwo jù fún ilé kan láti gbé. Bí àjọ kan bá ti wà ládùúgbò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ilé gbígbé, ẹ lọ bá a kí ó gba ilẹ̀ náà, kí ẹ̀yin dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré tí yóò ni ilé. Àwọn àjọ tó dá lórí oníṣẹ́ ọnà náà wà: CAST ní San Francisco láti 2013, tó ra ilé fún ẹgbẹ́ bíi CounterPulse, tó dì í mú ní iye kan náà títí ẹgbẹ́ náà fi lágbára láti rà á, àti Creative Land Trust ní London láti 2019. Bí kò bá sí àjọ kankan, ọ̀nà Freiburg ni kí ẹ tọ̀: ẹ wá ẹgbẹ́ tí kì í pín èrè tí ẹ gbọ́kàn lé, kí ó gba ìbò kan ṣoṣo, ti dídá títà dúró. Bí owó kò bá ká ríra rárá, háyà ọdún 20 tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, tí iye tí rẹ́ǹtì lè fi gòkè sì wà nínú rẹ̀, sàn ju ẹ̀yáwó tí yóò pa yín. Kò ní gba ìran tó ń bọ̀ là, ṣùgbọ́n yóò fún yín ní àkókò. Ohun kan tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè ṣe ni pé kí ó mú rẹ́ǹtì ilé tí ẹ ń sùn sí wálẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní yàrá iṣẹ́ tó dájú, kí ó má sì rí ilé gbé nítòsí rẹ̀ mọ́. Àti pé òfin ilẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Lọ́yà tó ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ níbi tí ẹ wà ló lè sọ èyí tó bá òfin yín mu nínú ohun tí mo ti sọ.

Ní ti ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ ṣe, ẹ wo ìwé háyà yín lónìí, kí ẹ wá iye oṣù ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀ àti bóyá ẹni tó bá ra ilé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àdéhùn tí ẹ ní. Ní ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, kí ẹnì kan lọ béèrè bóyá òfin ibẹ̀ fún ará ìlú ní àǹfààní kankan. Ní England, òfin 2011 jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò forúkọ ilé tó wúlò fún wọn sílẹ̀, tí ẹni tó ni ín bá sì fẹ́ tà á, wọ́n lè gba oṣù mẹ́fà láti wá owó. Ní Scotland, òfin 2003 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì péré lọ bá lánlọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹ̀yin 14. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó. Ẹ ní kí ó ta àǹfààní láti rà fún yín: owó díẹ̀ tí ẹ kò ní gbà padà, kí ó fi dá ilé náà dúró fún oṣù 9 sí 12 ní iye tí ẹ ti jọ gbà, kí ìwé rẹ̀ sì wọ ọ́fíìsì ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù máa ń gbà, nítorí rẹ́ǹtì yín ń wọlé ní gbogbo oṣù yẹn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí lẹ́tà tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ má ju ojú ewé kan lọ: iye ọdún tí ẹ ti san rẹ́ǹtì déédéé, ohun tí ẹ ti tún ṣe nínú ilé náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, iye tí ẹ fẹ́ san fún àǹfààní náà, orúkọ lọ́yà yín, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí ìdáhùn.